"Ajá mi kì í gé èèyàn jẹ": ohun tí òfin ń wò lójú ọ̀nà inú páàkì

Ẹ̀yin èèyàn mi nílùú ọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí, ajá tí ẹ̀ ń mú jáde lọ sí páàkì àti sójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó àti pápá kọjá. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti ń sin ajá báyìí, ohun tí àwọn òbí yín ò ní gbà láéláé nínú fúláàtì tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ màmá mi. Lọ́dún tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, mo mú wọn jáde lọ́jọ́ Sátidé kan pé ká lọ gba afẹ́fẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín igi ni ajá ńlá kan yọ, kò sí okùn lọ́rùn ẹ̀, ó ń sáré bọ̀ tààrà. Màmá sá sẹ́yìn mi, wọ́n dì mí mú gírígírí. Ẹni tó ni ajá wà lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé ajá òun kì í gé èèyàn jẹ. Màmá ní, "Ṣé ajá náà ló sọ fún un bẹ́ẹ̀?"

A fi ṣe ẹ̀rín nígbà tá a délé. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ màmá ni òfin wà. Òfin ajá eléwu ti ọdún 1991 sọ ní abala 3 pé kò dìgbà tí ajá bá gé èèyàn jẹ. Bí ajá bá ti kọjá agbára ẹni tó mú un jáde, tí ẹlòmíì sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti bẹ̀rù pé ó máa ṣe òun léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rù àwọn àgbà wa kì í sì í ṣe ojo. Nílé, ẹni tí ajá bá gé jẹ, dìgbòlugi ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀yin ò gbọ́ irú ìyẹn dàgbà.

Nínú páàkì ìlú, káńsù ló ń pàṣẹ, àṣẹ páàkì kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu géètì. Ibòmíì wà tí ajá ò gbọ́dọ̀ wọ̀ rárá, bí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Owó ìtanràn ojú ẹsẹ̀ lè tó £100. Bó bá dé kóòtù, ó lè tó £1,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìta ìlú. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2000 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn lórí àwọn òkè àti pápá gbalasa kan, èyí tí máàpù Ordnance Survey kùn ní àwọ̀ ìyeyè. Níbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta títí dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ajá, kò sì gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 2 lọ. Okùn tó ń nà, tó ń súnkì yẹn ò wọ̀ ọ́, nítorí òfin ní gígùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa yí padà. Bí ẹran ọ̀sìn bá wà nítòsí, ìgbàkúgbà nínú ọdún ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù wọ̀nyẹn? Ẹ bi bàbá yín ibi tí àparò ń yé ẹyin sí. Inú koríko, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni skylark àti curlew ń ṣe níbí. Bí ajá bá ń gbóòórùn kiri nítòsí, ìyá ẹyẹ á fò lọ, ẹyin á tutù, kannakánná á rí i. Ajá ò gé nǹkan kan jẹ o.

Ti àgùntàn náà nìyẹn. Bí ajá bá lé àgùntàn tó lóyún, oyún lè bà jẹ́ láìsí pé eyín kàn án. Lábẹ́ òfin ọdún 1953, lílé nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá sì yìnbọn pa ajá nítorí pé kò sí ọ̀nà míì láti gba ẹran rẹ̀ là lè rí àwíjàre nínú òfin ọdún 1971, tó bá ti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 48.

Màlúù lọ́nà tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Abo màlúù tó lọ́mọ lẹ́yìn lè dojú kọ ajá yín, okùn sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jù ú sílẹ̀! Ajá á sá àsálà, ẹ̀yin náà á ráyè kúrò níbẹ̀. Èèyàn ti kú nílẹ̀ yìí nítorí irú èyí.

Ẹ rántí fídíò Fenton, ti oṣù Kọkànlá ọdún 2011: ajá kan lé agbo àgbọ̀nrín sọdá títì ní Richmond Park, ọ̀gá ẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ ẹ̀ léraléra. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ; Fenton ò sọnù, ó kàn rí ẹran ni. Ní páàkì yẹn báyìí, okùn ti di dandan láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje tí àgbọ̀nrín ń bímọ, nítorí ìyá wọn lè kọ lu ajá. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ajá yín bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹ sì pè é, ṣé á padà? Bí ẹ ò bá lè fọwọ́ sọ̀yà, ẹ fi okùn sí i.

Ìgbẹ́ ajá ńkọ́? Ẹ kó o, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ọ̀rá ẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bí ẹni so tírà. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ wà lára bẹ́líìtì ọrùn ajá bí ẹ bá mú un jáde, bí microchip tiẹ̀ wà lára ẹ̀.

Bí ẹ bá pàdé ẹnì kan lójú ọ̀nà tóóró, ẹ fa ajá yín mọ́ra kó tó bẹ̀ yín, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà, ẹ má sáré. Ẹ dúró, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ni ín pé kó mú ajá ẹ̀. Bí kò bá dá yín lóhùn, nọ́ńbà ọlọ́pàá fún ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pàjáwìrì ni 101. Bí ajá bá ti ń ṣe èèyàn léṣe, 999 ni.