AI tó ń yẹ ọkàn aláboyún wò: ta ni yóò ṣe láǹfààní?

Àárẹ̀, ẹsẹ̀ wíwú àti mímí hẹlẹhẹlẹ kì í ya aláboyún lẹ́nu. Oyún ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àmì kan náà ni àìsàn ọkàn kan ń gbé wá, èyí tó ń kọlu obìnrin ní òpin oyún tàbí láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, tí iṣan ọkàn yóò rẹ̀ débi pé kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí àìsàn yìí ti pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Echo, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ló ń fi í hàn kedere, àmọ́ ilé ìwòsàn tó ní in kò pọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka àríyànjiyàn bóyá AI gbọ́n ju dókítà lọ sí. Èyí tó ká mi lára ni: ta ni ẹ̀rọ yóò mú wá síwájú dókítà, tí à bá ti ní kó máa lọ sílé?

Àwọn olùwádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2019. Wọ́n kó ECG, ìyẹn ilà tí iná mànàmáná ọkàn ń fà sórí bébà, ti aláìsàn 44,959 jọ, wọ́n sì so ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ èsì echo rẹ̀, wọ́n wá fi kọ́ ẹ̀rọ AI kan. Wọn ò sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò máa wò fún un. Ó ń dáhùn, wọ́n ń fi ìdáhùn rẹ̀ wé echo, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe títí àṣìṣe rẹ̀ fi dín kù. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára 52,870 mìíràn, ó rí bíi 86 nínú gbogbo 100 tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Àmọ́ nínú 100 tí ọkàn wọn dá ṣáká, ó pe bíi 14 ní aláìsàn. Ṣé ìyẹn ò pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní obìnrin 4 nínú 100 ló ní àìsàn náà. Ẹ̀rọ tó péye tó báyìí yóò nawọ́ sí bíi 17, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin náà yóò sì wà níbẹ̀. Echo 17 la nílò dípò 100. Níbi tí echo ti ṣọ̀wọ́n, èrè ńlá nìyẹn, bí ẹnì kan tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lójú mi ni pé ẹ̀rọ tó kọ́ṣẹ́ lára àwọn kan lè kùnà lára àwọn mìíràn. Àlàyé ẹnu ò lè yanjú ìyẹn, àfi ìdánwò. Demilade Adedinsewo, dókítà ọkàn ní Mayo Clinic, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Nàìjíríà, èsì rẹ̀ sì jáde nínú Nature Medicine ní 2024. Wọ́n pín àwọn aláboyún àti ìyálọ́mọ sí méjì láìṣe ojúsàájú: apá kan gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n fi AI yẹ apá kejì wò. Nínú 1,195 tí wọ́n ṣírò, stethoscope tó ní AI (stethoscope ni ohun èlò tí dókítà fi ń gbọ́ ìró ọkàn) fi àìsàn hàn lára obìnrin 24 ní apá tí wọ́n fi AI yẹ̀ wò, ìyẹn 4.1 nínú gbogbo 100 apá náà. Ní apá tó gba ìtọ́jú tẹ́lẹ̀, 12 ni, ìyẹn 2.0. ECG tó ní AI mú 3.4, ìyàtọ̀ yẹn kò sì tíì tó fọwọ́ sọ̀yà. Iye wọ̀nyí kéré, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lára àwọn tó pọ̀ sí i. Síbẹ̀, lára àwọn obìnrin wa ni wọ́n ti rí i.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà kò lè ṣàlàyé ohun tó rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n echo ló ń dájọ́, kì í ṣe òun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ìjọba ra AI sí ilé ìtọ́jú aboyún láì pèsè echo àti oògùn sí ibi tí ìyálọ́mọ lè dé. Ìbẹ̀rù nìkan la ó fi ránṣẹ́ sílé lọ́wọ́ obìnrin bẹ́ẹ̀. Kí AI, echo àti oògùn yẹn tó dé, ìyálọ́mọ tí kò lè sùn gbalaja kí èémí rẹ̀ má há, kó lọ sọ fún dókítà, kó sì béèrè fún àyẹ̀wò ọkàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àárẹ̀ ọmọ lásán ni.