Bátìrì Pẹ̀lú Fẹ́ Àjẹṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó èlé tàbí ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ bátìrì inú iná àti fáànù oníṣáájì tí a ń lò nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé, nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tó ń kọjá lọ́wọ́ mi, mo máa ń rí ti ẹni tó fẹ́ yá owó ra fáànù tuntun, bẹ́ẹ̀ fáànù tó wà nílé kò bàjẹ́. Bátìrì rẹ̀ nìkan ló kú.

Kí ẹ má baà rò pé mo ń bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi náà ra fáànù kan, mo sì lò ó dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò dé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìṣáájì rẹ̀. Ó di oṣù karùn-ún kí n tó fà á yọ. Mo fi í síná títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti yọ wáyà rẹ̀, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tó fi dákẹ́. Mo bú ẹni tó tà á fún mi, mo sì lọ ra òmíràn. Ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ló wá ṣí ti àkọ́kọ́ lójú mi. Mọ́tò rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ pé. Bátìrì nìkan ló kú, èmi ni mo sì fi ebi pa á. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fáànù àti iná ńlá, bátìrì òjé ló wà níbẹ̀: àpótí kékeré tó wúwo, tí wọ́n kọ 6V 4.5Ah tàbí 12V 7Ah sí lára. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1859. Pẹlẹbẹ òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti ń lò ó, nǹkan funfun kan á máa bo òjé náà. Bí a bá tètè ṣáájì rẹ̀, nǹkan funfun yẹn á ṣí kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á le gbagidi, bátìrì náà kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́.

Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ wa gan-an ni oògùn rẹ̀: àjẹṣẹ́kù. Bátìrì kò fẹ́ àjẹtán. Ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyí:

Èkínní: Bí iná bá ti ń ṣú tàbí tí fáànù ń rọra yí, ẹ pa á. Ẹ má dúró kó kú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá lò ó ni kí ẹ ṣáájì rẹ̀.

Èkejì: Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lò ó, iná inú rẹ̀ á máa dín kù fúnra rẹ̀. Bí ẹ ti ń dá owó oṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣáájì rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀kẹta: Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ìdí iná. Bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ju 25 lọ, ọjọ́ ayé bátìrì òjé á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ má fi í síná fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í dá gbígba iná dúró, omi inú bátìrì á sì gbẹ.

Bó bá wá kú ńkọ́? Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ pa á, ẹ tú ìdí rẹ̀, kí ẹ sì mú bátìrì náà dání lọ sọ́jà. V tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu pátápátá. Ah dà bí ìwọ̀n àgbá omi: bó bá fi díẹ̀ tóbi jù, tó sì wọlé sí àyè rẹ̀, kò burú, àmọ́ á pẹ́ kó tó kún. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi mítà wọ̀n ọ́n lójú yín, nítorí èyí tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ lè ti kú kí ẹ tó rà á. Èyí tó jẹ́ 12V, bó bá kún, máa ń tó nǹkan bí 12.7. Bó bá wà nísàlẹ̀ 12, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ti 6V jẹ́ ìdajì èyí. Wáyà pupa lọ síbi àmì +, dúdú lọ síbi àmì −. Ẹni tó bá gbé e sódì lè jó ẹ̀rọ náà.

Irú kejì ni lithium, tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní 1991. Òun ló wà nínú fóònù, kílípà àti ẹ̀rọ aláìní-wáyà tó ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀. Ó fúyẹ́, ẹ ó sì sábà rí 3.7V lára rẹ̀. Òun náà kò fẹ́ òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí a tọ́jú òun pamọ́ ní kíkún nínú ooru. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi í sí ìdajì. Bó bá wú, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì gún un, ó lè gbiná. Ẹ má ṣe fi í rọ́pò ti òjé o, nítorí ṣáájà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Ẹ má fọ́ bátìrì tó ti kú, ẹ má jó o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Májèlé ni òjé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nítorí wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ kó òkú bátìrì yín fún ẹni tó ń rà á lódindi. Ó ṣì lówó lórí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìwé ẹ̀yáwó nítorí fáànù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i wò ná. Owó ẹgbẹ́ dára jù lórí ọjà. Ire o.

Akọ̀wé yín