Ọkùnrin Tó Ní Orí Òun Ń Gbóná

Ní Mowé àti Ìbàfò, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ọ̀pọ̀ baálé ilé fi ń dúró de ọkọ̀ Èkó ní títì márosẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń padà dé. Owó ilé-ìwé ọmọ, owó ilé, ọmọ onílẹ̀ tó tún wá lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wọn wọlé. Bí ìyàwó bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan.

Àwọn tó bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì pàápàá kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí ló ń gbóná, àyà ló ń já, oorun ni kò wá. Ó yẹ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò kò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kò tíì parí: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa gba ara sọ̀rọ̀. Ìbínú òjijì, ọtí tó ń pọ̀ sí i, bọ́ọ̀lù tí kò wu ọkùnrin wò mọ́ náà lè jẹ́ àmì rẹ̀. Bí èyí bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ sí Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, lè kà á sí èébú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbẹ̀ ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kò ti àwọn aláìsàn tirẹ̀ mọ́lé. Abúlé tó yí Arò ká ni wọ́n ń gbé, nílé àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń dáná fún wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sábúlé nírọ̀lẹ́. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lẹ́yìn náà.

Ìgbaninímọ̀ràn, tó jẹ́ ara ìtọ́jú irú àìsàn yìí, kì í ṣe ìwàásù. Olùgbaninímọ̀ràn á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí inú tó bí ọkùnrin tó wá bá a, á sì gbọ́ ọ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn, àṣírí ni. Wọ́n lè ríra lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń rí i pé gbèsè ló ń bí òun nínú, kì í ṣe ìyàwó.

Jákèjádò ayé, iye ọkùnrin tó ń pa ara wọn tó ìlọ́po méjì ti obìnrin. Ẹni tó bá ní ayé ti sú òun, kí ará ilé má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí wọ́n sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn, l'Ọ́fàdà tàbí n'Ífọ̀. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé oorun àti ìrònú lòun bá wá, kì í ṣe ibà. Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ lẹ́tà fún un kó lọ sí Arò.