Ọmọ tí orí rẹ̀ pé: Ṣé iléèwé ọ̀tọ̀ ló yẹ ẹ́?

Olùkọ́ kò tíì kọ ìṣirò tán sójú pátákó tí ọmọ kan ti nawọ́ sókè pé òun ti rí ìdáhùn. Àwọn yòókù ṣì ń dà á kọ. Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Lásìkò ìjọba ológun Ibrahim Babangida, ìdáhùn Nàìjíríà ni pé kí wọ́n kó irú wọn jọ síbì kan. Ibẹ̀ ni Federal Government Academy tó wà ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Èrò náà dára, nítorí ọmọ tó ti mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, kì í pẹ́ tí iléèwé fi máa ń sú u.

Ṣùgbọ́n Suleja kan ṣoṣo ni, èèyàn tó wà ní Nàìjíríà sì lé ní 200 mílíọ̀nù. Fún ọ̀pọ̀ òbí, Unity Schools tó lé ní 100 ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ìdánwò National Common Entrance sì ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an yàn-an.

Ní 2013, 139 ni máàkì tí ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gbà kó tó wọlé. Ti Èkó jẹ́ 133, ti Ògùn 131. Ní Yobe, ọmọkùnrin tó bá gba 2 ti yege. Rárá o, kì í ṣe àṣìkọ. Ọmọbìnrin láti Yobe kan náà ní láti gba 27.

Bí òbí tí ọmọ rẹ̀ gba 138 ní Awka bá bínú, ta ni yóò bá a wí? Síbẹ̀, kì í ṣe olórí pípé nìkan ni wọ́n dá iléèwé wọ̀nyí sílẹ̀ fún. Kí ọmọ Hausa, Igbo, Yorùbá àtàwọn yòókù lè jọ gbé pọ̀ ni.

Ìdánwò fúnra rẹ̀ ni ìṣòro ibẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń sanwó lẹ́sìn fún láti Primary 4 ní Ìkẹjà, àti èyí tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé ní abúlé kan ní Yobe, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn. Irú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lọ ni máàkì wọn ń sọ, kó tó kan ọpọlọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù lọ ní abúlé yẹn lè má gbọ́ rárá pé wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù.

Bó bá sì gbọ́ ńkọ́? Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Boko Haram ya wọ Federal Government College Buni Yadi ní Yobe lóru, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó ń kàwé níbẹ̀. Ọ̀kan lára Unity Schools yìí kan náà ni.