Bí Bàbá àti Ìyá Bá Tú Ká, Ọ̀dọ̀ Ta Ni Ọmọ Yóò Gbé?

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́. Òwe náà bá ẹjọ́ ilẹ̀ mu, ó bá ẹjọ́ gbèsè mu, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tẹ̀ lé e nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọmọ. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ti bímọ lè kọ ara wọn sílẹ̀, kí oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọmọ yóò ṣàìsàn, yóò wọ ilé ẹ̀kọ́, yóò sì ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kan. Àwọn méjèèjì náà ni yóò máa pè ní òbí. Ìdí nìyí tí ìjà tí ó máa ń gbóná jù lọ nígbà tí ìgbéyàwó bá tú ká kì í fi í ṣe ti owó tàbí ti ẹrù, bí kò ṣe ti ọmọ.

Ní Kabba àti káàkiri ilẹ̀ Okun, láàárín àwọn Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ìdáhùn tí àṣà fi lélẹ̀ kò ta kókó: ilé bàbá ni ó ni ọmọ. Bí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìyá lè gbé e lọ títí yóò fi gbọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí bàbá yóò wá gbà á. Ìdáhùn yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀, nítorí láti ilé bàbá ni orúkọ, ilẹ̀ àti oyè ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè ẹni tí ó ni ọmọ, ọ̀tọ̀ sì ni ìbéèrè ẹni tí yóò jí ọmọ ní òwúrọ̀, tí yóò jí sí ibà rẹ̀ lóru, tí yóò sì tètè mọ̀ bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí òfin Nàìjíríà ti ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀, bí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ mọ̀.

Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970, èyí tí ó wà fún àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, sọ ní abala 71 pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo nígbà tí ó bá ń pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 tẹ̀lé e, ó sì kan gbogbo ọmọ, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ṣe, tàbí kí wọ́n má ṣe ìgbéyàwó rárá. Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti sọ òfin náà di tiwọn.

Àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n. Nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze ní ọdún 1989, wọ́n ṣàlàyé pé bí ọ̀pọ̀ àṣà ìbílẹ̀ tilẹ̀ fún bàbá ní ọmọ, ire ọmọ náà ni ó gbọ́dọ̀ borí. Ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu, wọ́n fi kún un pé àṣẹ láti tọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ó hùwà dáadáa nínú ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi du ẹni tí ó jẹ̀bi láti fi jẹ ẹ́ níyà. Obìnrin lè jẹ̀bi ìtúká ilé kí ó sì jẹ́ ìyá rere. Ọkùnrin lè jẹ̀bi bákan náà, kí ó sì jẹ́ bàbá tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ pàdánù.

Ìṣòro tí ó kù ni bí adájọ́ yóò ṣe mọ ire ọmọ tí kò rí rí. Ó jókòó sórí àga ìdájọ́, lọ́yà méjì dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ pé oníbàárà òun ni áńgẹ́lì. Nítorí èyí ni òfin ṣe pèsè ojú mìíràn fún un. Abala 71 kan náà gbà á láyè láti dá ẹjọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Wẹ́fíà, yóò fi ṣe ìwádìí tí yóò sì kọ ìròyìn rẹ̀ wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó ní kí kóòtù ẹbí wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga àti ní kóòtù májísíréètì, kí olùrànlọ́wọ́ méjì sì máa bá adájọ́ jókòó, tí ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé, pàápàá ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí wọn.

Ẹni tí kóòtù ń rán lè jẹ́ òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà, ó lè jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ó sì lè jẹ́ dókítà ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí láti ọdún 1994, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010 àti 2022. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àjọ Cafcass ni ó ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún kóòtù láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ náà ti wá. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ohun tí Lambo fi han ayé ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọkàn ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ àwọn tí ó yí i ká.

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí bàbá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kabba, tí ìyá sì ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja láti máa tajà, onímọ̀ náà kò gbọdọ̀ rí bàbá nìkan kí ó wá sọ irú ènìyàn tí ìyá jẹ́. Yóò bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì lọ sí ilé méjèèjì. Yóò wo ibi tí ọmọ ń sùn, yóò béèrè ẹni tí ó wà nílé nígbà tí ọmọ bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ó mọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀, àti ẹni tí ó gbé e lọ sí ọsibítù kẹ́yìn. Yóò jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, yóò sì máa wo bí ọmọ ṣe ń bá òbí rẹ̀ ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ó ń sáré lọ fi orúnkún tí ó bó han bàbá rẹ̀ ti sọ ohun tí ìwé ìbúra mẹ́wàá kò lè sọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tọ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti aládùúgbò lọ, nítorí àwọn wọ̀nyí kò ní ìpín nínú ìjà náà.

Lẹ́yìn àwọn àgbà, ó kan ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1989, sọ pé kí wọ́n gbọ́ ti ọmọ nínú ọ̀rọ̀ tí ó kàn án, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ṣùgbọ́n onímọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bi ọmọ pé, "Bàbá àti màmá, ta ni o fẹ́ràn jù?" Ìbéèrè yẹn dà bí kí wọ́n ní kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọwọ́ kan lára rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, yóò fún un ní bébà àti pẹ́ńsù kí ó ya àwọn ará ilé rẹ̀, yóò bi í bí ọjọ́ Sátidé ṣe máa ń rí, ohun tí ó máa ń dẹ́rù bà á, àti ẹni tí ó máa ń tọ̀ lọ bí ẹ̀rù bá bà á.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn lè má jẹ́ bàbá, ó sì lè má jẹ́ ìyá. Onímọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Mary Ainsworth lọ sí Uganda ní 1954, ó sì fi oṣù púpọ̀ wo ìdílé 26 nínú ilé wọn, láti mọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń so mọ́ ẹni tí ń tọ́ ọ. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lè ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó máa ṣeré káàkiri, nítorí ó mọ̀ pé ibi tí òun yóò padà sí kò ní yẹ̀. Ó tún rí i pé ọmọ lè so mọ́ ju ẹnì kan lọ. Èyí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Okun, níbi tí ó wọ́pọ̀ pé kí ìyá àgbà máa tọ́ ọmọ nígbà tí àwọn òbí bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú mìíràn. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Bí ìwádìí bá wo bàbá àti ìyá nìkan, ó lè já okùn tí ó dè ọmọ mọ́ ayé, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Abala 71 pàápàá gba adájọ́ láyè láti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí ìyẹn bá dára fún un.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ọ̀rọ̀ "dókítà ọpọlọ" ń já láyà, nítorí wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti rán ẹnì kan lọ rí i, wọ́n ti pè é ní wèrè nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọpọlọ nìkan kò tó láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Obìnrin tí ìbànújẹ́ ọkàn mú lẹ́yìn ìbímọ, tí ó gba ìtọ́jú, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀, lè tọ́ ọmọ dáadáa ju ẹni tí kò ṣàìsàn rí ṣùgbọ́n tí ó ń lù ú lójoojúmọ́ lọ. Ohun tí onímọ̀ ń béèrè ni bí àìsàn náà ṣe kan ìtọ́jú ọmọ, tí ó bá kàn án rárá. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, ó sì dá ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ní irú àìsàn yìí mọ̀.

Síbẹ̀, onímọ̀ kì í ṣe aríran. Àwọn ìdánwò orí ìwé tí àwọn kan ń lò, fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá tí ó ń fi èdè Owé bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lè kùnà nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láìṣe pé nǹkan kan ṣe é. Àṣìṣe mìíràn sì ti ṣe jàǹbá lókè òkun. Ní ọdún 1985, dókítà Richard Gardner ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ọmọ bá kọ òbí kan, òbí kejì ni ó sábà máa ń kọ́ ọ. Àwọn kóòtù kan gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé nígbà tí ọmọ bá ń sá fún ẹni tí ń lù ú, wọ́n á ní wọ́n kọ́ ọ ni. Ẹ̀rí kò ti àbá náà lẹ́yìn tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àtòkọ àrùn rẹ̀ ní ọdún 2020. Òótọ́ ni pé àwọn òbí kan máa ń ba ẹnì kejì jẹ́ lójú ọmọ, ṣùgbọ́n ó di dandan kí onímọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìdí wà fún ẹ̀rù tí ń ba ọmọ. Nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn onímọ̀ kì í fi í ṣe ìdájọ́. Lọ́yà ìhà méjèèjì lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè. Adájọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ìdíwọ́ tí ó tóbi jù ni pé àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò pọ̀. Dókítà ọpọlọ kò tó 300 ní gbogbo Nàìjíríà tí èrò inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Òbí tí ó ń gbé ní Kabba lè ní láti lọ sí Lọ́kọ́ja, Ìbàdàn tàbí Àbújá kí ó tó rí ọ̀kan, owó ọkọ̀ nìkan sì lè mú kí ó jáwọ́. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ fi jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ adájọ́ ní. Bí ẹni yẹn kò bá ní mọ́tò tí yóò fi dé Bùnú, tàbí tí wọn kò bá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọdún márùn-ún sọ̀rọ̀, ohun rere tí òfin kọ sílẹ̀ kò ní kúrò lórí ìwé.

Títí nǹkan yóò fi yí padà, àwọn ohun kan wà ní ìkáwọ́ òbí. Ó lè ní kí lọ́yà rẹ̀ bẹ kóòtù pé kí wọ́n pe ìròyìn Wẹ́fíà kí ìdájọ́ tó wáyé. Ó yẹ kí ó tọ́jú ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ àti káàdì ọsibítù ọmọ. Kí ó má kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọmọ máa ń dún bí ọ̀rọ̀ àgbà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó má fi ìlùkulù pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó sì rántí pé onímọ̀ tí kóòtù rán kì í ṣe dókítà tirẹ̀. Ohun tí ó bá sọ fún un lè dé iwájú adájọ́.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá ka ìdájọ́, ẹbí kan yóò rò pé àwọn borí, èkejì yóò rò pé àwọn pàdánù. Ọmọ kò ní mọ̀ nínú èyí. Ohun tí yóò mọ̀ ni bóyá ẹni tí ó máa ń sá tọ̀ lọ bí ẹ̀rù bá bà á ṣì wà nítòsí.