Ìpìlẹ̀ Olùwádìí àti Ìtàn Àwọn Ìjọba Ńlá Ilẹ̀ Adúláwọ̀: Iṣẹ́ I. A. Akínjógbìn

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí rí. Ibi tí olùwádìí ti wá a máa ní ipa lórí ìbéèrè tí ó ń bèèrè. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí èyí ṣe hàn nínú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akínjógbìn, àti ibi tí agbára ìpìlẹ̀ mọ.

Ìpìlẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀
Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, ni a bí Akínjógbìn sí ní ọdún 1930. Ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1963. Ìjọba Dàhómì, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni ó ṣe ìwádìí lé lórí. Iṣẹ́ náà di ìwé ní 1967, àkọlé rẹ̀ ni Dahomey and Its Neighbours, 1708–1818. Ọ̀yọ́ ni aládùúgbò tí ó lágbára jù nínú ìtàn náà: àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ kọlu Dàhómì ní 1726, wọ́n sì tún padà lọ títí Dàhómì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní 1730.

Tíọ́rì ẹbí
Ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ẹbí, ni Akínjógbìn fi ṣe òpó àlàyé rẹ̀. Lójú rẹ̀, ìlú dà bí agbo ilé tí ó gbòòrò. Àwọn ìjọba pàápàá sì ń wo ara wọn bíi bàbá sí ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Nígbà tí Agaja, ọba Dàhómì, ṣẹ́gun Allada ní 1724 àti Ouidah ní 1727, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó gbà. Okùn ẹbí ni ó já. Ẹni tí ó gbọ́ èdè àti àṣà ni irú àlàyé báyìí ń tètè yé.

Ibi tí agbára ìpìlẹ̀ mọ
Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Akínjógbìn sọ pé Agaja fẹ́ dẹ́kun òwò ẹrú. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọba náà rán Bulfinch Lambe, ará Gẹ̀ẹ́sì, sí ìlú rẹ̀ ní 1726. Ní 1976, David Henige àti Marion Johnson tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì ní kò tó láti gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, nítorí Dàhómì kò ṣíwọ́ títa ẹrú. Ìmọ̀ ilé lè jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tí àjèjì kò rí. Kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọba tí ó ti wàjà tipẹ́.

Ìkádìí
Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú rẹ̀, kí a má ṣe sọ fún un pé kí ó gbàgbé ilé, kí a má sì jẹ́ kí ó gbà pé jíjẹ́ ọmọ ìlú ti tó. Kí ó mú ìbéèrè wá láti ilé, kí ó sì wá ẹ̀rí tí àjèjì pàápàá yóò lè yẹ̀ wò.