Iyọ̀, Eérú àti Kọnkéré ní Etí Òkun Lekki

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe itọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkun kì í ṣe ìrì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí bá ilẹ̀ Lekki títí dé Ajah mu. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Iyanrìn ni ilẹ̀ náà, omi abẹ́ rẹ̀ kò sì jìnnà. Ní ibi púpọ̀, omi náà ní iyọ̀. Orí ilẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́lé sí pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn tù jọ. Etí omi yìí náà ni afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, àti èbúté ńlá Lekki, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, dúró sí.

Nígbà tí omi bá kan sìmẹ́ńtì, ohun pàtàkì méjì ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Èkínní ni àtè tí ó so iyanrìn àti òkúta pọ̀. Èkejì ni irú ẹfun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ìpáàrà mú irin tí a tẹ́ sínú kọnkéré. Àmọ́ kọnkéré kò dí pinpin. Ihò tín-ín-tìn-tín tí ojú kò lè rí pọ̀ nínú rẹ̀.

Ihò wọ̀nyí ni ọ̀nà tí ọ̀tá ń gbà wọlé. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: oríṣi iyọ̀ kan, kúlóráìdì, a gba inú ihò dé ara irin, a sì tú ààbò rẹ̀ ká. Ìpáàrà a máa wú ju irin tí ó jẹ lọ, ní ìlọ́po méjì sí mẹ́fà. Òun ni ó ń la òpó àti dẹ́kìn. Oríṣi kejì, súlíféètì, kọnkéré fúnra rẹ̀ ni ó ń bá jà: ó ń bá èròjà kan nínú sìmẹ́ńtì ṣe pọ̀, ohun tí ó bá tibẹ̀ jáde a sì wú títí kọnkéré yóò fi sán. Ìsàlẹ̀ omi kọ́ ni ìpáàrà ti ń ṣọṣẹ́ jù, nítorí atẹ́gùn kò pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ìgbì ń rin tí oòrùn sì tún ń gbẹ ni.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Àwọn kan rò pé kí a ra sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 42.5 sí lára àpò rẹ̀ ti tó. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ó ti lágbára tó lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni. Kò sọ bí yóò ti bá iyọ̀ jà.

Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Róòmù po eérú òkè tí ń yọ iná, láti agbègbè Pozzuoli, mọ́ ẹfun láti fi kọ́ èbúté. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn ṣì wà nínú òkun di òní. Sílíkà inú eérú náà ń bá ẹfun ṣe àtè tuntun, àtè yìí sì ń dí ihò. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní èèpo ìrẹsì. Bí a bá sun èèpo yìí níwọ̀n ooru tí kò ju 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, tí a sì lọ eérú rẹ̀ kúnná, sílíkà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A lè fi í dípò ìdá 10 sí 20 nínú 100 sìmẹ́ńtì. Ìdàrọ́ tí ó ti inú iná ìleru irin jáde, tí a lọ̀ kúnná, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n eérú kì í ṣe oògùn ajẹ́bí-idán. Àtè rẹ̀ kì í tètè le, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa fi omi rin kọnkéré náà pẹ́. Bí eérú bá pọ̀ jù, yóò jẹ ẹfun tí ń dáàbò bo irin tán. Kò sì lè dá ásíìdì inú kòtò ìgbẹ̀ dúró. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó fi omi oníyọ̀ tàbí iyanrìn òkun po kọnkéré ti pe ọ̀tá wọlé kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará Róòmù lè lo omi òkun, nítorí wọn kò fi irin sínú tiwọn. Níbi tí iyọ̀ ti ń jà, kọnkéré tí ó bo irin yẹ kí ó nípọn tó ínǹṣì méjì.

Olùkọ́ lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n po kọnkéré kékeré méjì, ọ̀kan pẹ̀lú eérú, ọ̀kan láìsí i, kí wọ́n sì ki ìṣó sínú méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 28 nínú omi mímọ́, kí wọ́n máa rì wọ́n sínú omi iyọ̀, kí wọ́n sì máa sá wọn sóòrùn, fún oṣù púpọ̀. Kí wọ́n wá wo èyí tí ìpáàrà kọ́kọ́ yọ lára rẹ̀. Ilé tí yóò pẹ́ ní Ajah kì í ṣe èyí tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ pọ̀ jù, bí kò ṣe èyí tí iyọ̀ kò rí ọ̀nà wọ̀.